Agbára Ọkọ̀ àti Owó Epo: Ta ni Gbèsè Rẹ̀ Wà Lọ́rùn?

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń wá agbára kún agbára. Ẹni tí ó ní àdá fẹ́ kí ó mú sí i. Ẹni tí ó ní ẹṣin fẹ́ kí ó sáré ju ti ẹnìkejì lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí ìfẹ́ àtiṣe dáradára sí i ni ó sọ ìgbẹ́ di ìlú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ kan ohun tí ẹlòmíràn ti fi ọgbọ́n ṣe: bí agbára bá pọ̀ sí i, níbo ni àlékún náà ti wá, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Ìbéèrè yìí fojú hàn gbangba ní ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì, níbi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí ó lè sáré tàbí kí ó lè fara da iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi Karmo ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn Gbagyi ni ó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ìjọba tó ya agbègbè Abùjá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun ní ọdún 1976. Lónìí, onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé ibẹ̀, àwọn Yorùbá kò sì gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ń ná ọjà, ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù a kún ojú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ títí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wà á. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye tí ìjọba fi lé lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di ₦537 ní Abùjá. Ní oṣù Keje ó di ₦617. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ju ₦1,000 lọ. Ìfiṣòfò tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ.

Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé eré ni wọ́n ń wá. Wọn a gé sàléńsà kúrò kí ọkọ̀ lè máa bú ramúramù. Wọn a fi táyà ńláńlá rọ́pò èyí tí ó bá ọkọ̀ wá. Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn a fi tọ́bò sí i, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Agbára lè wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò ṣe é rẹ́ jẹ: bí epo bẹntiróòlù kìlógíráàmù kan yóò bá jó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ bí i kìlógíráàmù 14.7 ni ó gbọ́dọ̀ bá a pàdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó fi kún un di agbára gbọ́dọ̀ fi epo kún epo. Táyà tí ó wúwo a máa gba agbára kí ó tó yí. Eré fúnra rẹ̀ ní owó-orí tirẹ̀: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún un a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní ọdún 1974, nígbà tí epo di ọ̀wọ́n, pé kí ọkọ̀ kankan má ṣe sáré ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó dé, pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Síbẹ̀, ní ti owó epo, ẹ̀bi àwọn wọ̀nyí kò wúwo. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà, àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń san án.

Èyí tí ó ṣòro ni ti awakọ̀ tí kò wá eré rárá, tí ó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ gbé òun délé. Ká ní ọkọ̀ awakọ̀ kan tí ń ná Karmo sí Jabi gbóná lójijì lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì ṣí ẹ́ńjìnnì, ó yọ nǹkan róbótó kan jáde, ó fi hàn án.

“Ẹ̀gbọ́n, thermostat nìyí. Ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Kò wúlò fún yín níhìn-ín.”

“Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?”

“Wàhálà wo? Ọkọ̀ yín yóò máa tutù bí omi àmù ni.”

Awakọ̀ dúpẹ́, ó sanwó, ó lọ. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ náà sì tutù.

Kí wá ni iṣẹ́ nǹkan róbótó yìí? Oníbodè ni. Bí oníbodè ìlú àtijọ́ ti ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ibodè ṣí àti ìgbà tí ó yẹ kí ó wà ní títì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe sí omi tí ń ti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, a ti ọ̀nà. Bí ooru rẹ̀ bá tó bí ìwọ̀n 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ṣí i. Oòrùn Abùjá kì í sábà ju ìwọ̀n 40 lọ, nítorí náà kò lè ṣe iṣẹ́ oníbodè yìí láéláé. Bí a bá lé e lọ, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kí ó tó gbóná tó bí ó ti yẹ. Ẹ̀rọ tí ń wọn epo nínú ọkọ̀ òde òní yóò máa rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti ojú oorun ni, yóò sì máa da epo sí i ju bí ó ti tọ́ lọ. Irin inú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú yóò tètè jẹ. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó mú ọkọ̀ gbóná, bóyá rédíétọ̀ tí ó dí tàbí omi tí ń jò, kò kúrò níbẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Bákan náà ni ti fáànù tí wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà kí ó má baà dákẹ́ mọ́: iná tí ó ń jẹ láìsinmi, láti inú epo náà ni ó ti ń wá.

Ká ní lítà 20 ni awakọ̀ yìí ń jó lójúmọ́, kí lítà 2 nínú rẹ̀ sì máa ṣòfò. Bí ó bá fi ọjọ́ 25 ṣiṣẹ́ nínú oṣù, lítà 50 ti lọ. Bí a bá ka lítà kan sí ₦1,000, ₦50,000 nìyẹn lóṣooṣù. Yóò máa rò pé ìjọba nìkan ni ó ń fìyà jẹ òun, tàbí pé ilé-epo ni ó rẹ́ òun jẹ.

Ta ni ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn rẹ̀? Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbà ẹni tí kò mọ ohun tí ó gbà kì í ṣe gbígbà. Àwọn mìíràn lè sọ pé ohun tí mẹkáníìkì kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó ṣe, àti pé ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn wádìí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ń bẹ nínú èyí. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí ẹ̀bi ti wọ̀ ọ́ ni pé ó sọ ohun tí kò mọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì fi pamọ́. Àwọn kan a máa yọ kátálíìsì kúrò lábẹ́ ọkọ̀, wọn a ní yóò dín epo kù. Bí nǹkan náà kò bá tíì dí, èrè orí epo tí ó wà nínú yíyọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, olówó iyebíye sì ni wọ́n lọ́jà. Ẹni tí ó bá fi irọ́ yọ ọ́ tí ó sì lọ tà á, olè ni. Èéfín olóró tí kátálíìsì ìbá ti pa lára yóò sì máa bọ́ sí imú ìyá tí ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá títì àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọkọ̀, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà. Níbí ni ọ̀rọ̀ “ọkọ̀ mi ni” ti pin.

Èyí kò fi hàn pé gbogbo àtúnṣe ni ó burú. Láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gba àwọn awakọ̀ níyànjú kí wọ́n yí ọkọ̀ wọn padà kí ó lè máa lo gáàsì, tí owó rẹ̀ kéré sí ti bẹntiróòlù. Àtúnṣe rere ni, ṣùgbọ́n òun náà ní owó tirẹ̀: àgbá gáàsì wúwo, a máa gba àyè ẹrù, agbára ọkọ̀ a sì máa dín díẹ̀. Mẹkáníìkì olóòótọ́ ni ẹni tí ó bá ka gbogbo rẹ̀ fún oníbàárà kí ó tó mú sípánà.

Kì í ṣe lásán ni àwọn Yorùbá fi irin sábẹ́ Ògún, tí wọ́n sì ń fi irin búra. Ẹni tí kò rí inú ẹ̀rọ kò ní ohun mìíràn tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó rí i lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò yọ nǹkan kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Kí ẹni tí yóò ta agbára sì sọ iye rẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ní ìpín tiwọn. Bí a bá ti fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé fún ọmọ-iṣẹ́ mẹkáníìkì pé oníbodè omi ni nǹkan róbótó náà, bóyá kì bá tí jù ú sí ààtàn.