Ìdámárùn-ún Tí Jósẹ́fù Fi Pamọ́

Bíbélì Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 41:33-49
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Òwe 6:8

Bí wọ́n bá kéde láàárọ̀ yìí pé kí ẹnikẹ́ni má jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló wà nílé ìdáná rẹ?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ní kí àwọn ará Èkó àti Abuja jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Títí di ìgbà náà, mo máa ń wàásù pé onígbàgbọ́ tó ń kó oúnjẹ pa mọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, gàrí ilé wa ti tán. Opó kan nínú ìjọ ló bu ẹ̀wà àti èlùbọ́ ránṣẹ́ sí wa. Mo bi í bó ṣe rí i. Ó ní bí òun bá ra kóńgò márùn-ún, òun a yọ ọ̀kan sọ́tọ̀. Ó wá ní, “Pásítọ̀, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìtàn Jósẹ́fù?” Ojú tì mí. Ohun tí mo ń kà lórí pẹpẹ ni ìyá yìí ń ṣe nílé.

Ọlọ́run tó rọ̀jò mánà ní aginjù kò rọ̀ ọ́ sí Íjíbítì. Ọgbọ́n ló fún Jósẹ́fù: kí wọ́n máa gba ìdámárùn-ún ìkórè fún ọdún méje. Mánà pàápàá, èyí tí wọ́n fi pamọ́ láìgba àṣẹ dìdin. Èyí tí Ọlọ́run ní kí wọ́n fi pamọ́ ní ọjọ́ kẹfà kò bàjẹ́. Nítorí náà, ìpamọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 12 ni pé ara rẹ̀ nìkan ló kó jọ fún. Àká Jósẹ́fù bọ́ àjèjì, ó sì bọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n tó tà á.

Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má ṣe yáwó tìtorí rẹ̀. Da gàrí tó gbẹ dáadáa, ẹ̀wà àti ìrẹsì sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tó ní ìdérí. Ata gbígbẹ ni kí o fi sínú ẹ̀wà, má ṣe fi oògùn apakòkòrò sí ohun tí ọmọ rẹ máa jẹ. Èyí tó pẹ́ jù ni kí o kọ́kọ́ sè, kí o sì fi tuntun dípò rẹ̀. Tọ́jú omi mímu, iyọ̀, ìṣáná, iná tọ́ọ̀ṣì àti oògùn ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́. Má ṣe tọ́jú epo bẹntiróòlù sínú ilé. Nígbà tí owó náírà di ọ̀wọ́n níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó wà ní báńkì, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú kẹ́ẹ̀gì ló bọ́ ọ̀pọ̀ ilé.

Bí o bá sì ti ń ko tìrẹ jọ, rántí aládùúgbò rẹ. Kẹ́ẹ̀gì tí o bá dé pa lójú ẹni tí ebi ń pa, àká ọlọ́rọ̀ aṣiwèrè ni.

Àdúrà: Baba, fún mi ní ọgbọ́n èèrà àti ọkàn Jósẹ́fù. Má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ ìṣòro bá ilé mi lófìfo, má sì jẹ̀ẹ́ kí n nìkan jẹ ohun tí O fi sí mi lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ìgbésẹ̀ Òní: Yọ ìdá kan sọ́tọ̀ nínú oúnjẹ tí o bá rà lónìí.