ÀGA MÉFÍBÓṢÉTÌ
Bíbélì Kíkà: 2 Samuẹli 9:1–13



Ọmọ ọdún 5 ni Méfíbóṣétì ọmọ Jónátánì nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá fún ogun, tí ó já bọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ilé onílé ni ó ń gbé ní Lódébárì. Nígbà tí Dáfídì béèrè ẹni tí ó kù ní ilé Sọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ tí ó rọ ni Síbà fi júwe rẹ̀. Kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé iwájú ọba, orúkọ rẹ̀ ni ọba fi pè é.

Ẹ kíyèsí ohun méjì mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orí yìí sọ ọ́ pé ìdí tábìlì ọba ni yóò ti máa jẹun. Kì í ṣe oúnjẹ ọjọ́ Ìkórè tàbí ti Kérésìmesì nìkan. Èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò san. Ẹsẹ tí ó parí orí náà ṣì sọ pé ó yarọ, síbẹ̀ àga rẹ̀ kò kúrò nídìí tábìlì.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àdúrà ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ìbẹ̀wò sílé aláàbọ̀ ara fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí arọ kò dìde, ẹsẹ̀ àlejò a dínkù. Ẹni tí a bẹ̀ wò a wá ru ẹrù méjì: ti ara rẹ̀, àti èrò pé òun já àwọn olùgbàdúrà kulẹ̀. Àdúrà dára, a kò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kí ìwòsàn má di owó orí tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ san kí a tó bá a ṣọ̀rẹ́.

Ìbẹ̀wò kì í ṣe ohun àjèjì sí àwa Methodist. Ní 1742, ní Bristol, wọ́n pín ìjọ sí kíláàsì ènìyàn bí 12 láti san gbèsè ilé ìpàdé wọn. Olórí kíláàsì ń lọ sílé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gba pẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn nítorí owó ni wọ́n ti mọ bí olúkúlùkù ṣe ń gbé, ó sì di ìtọ́jú ọkàn.

Nítòsí wa, ní Àró l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo mú kí àwọn tí ọpọlọ wọn ń dàrú máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Bí wọ́n bá gba ìtọ́jú tán, àárín ènìyàn ni wọ́n ń padà sí. Ènìyàn laṣọ.

Ní Àgọ́-Ìwòyè wa, ẹnìkan lè wà nínú ìyẹ̀wù tí ó ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà àti ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á lọ ní méjì-méjì, kí á kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ òun àti àwọn ará ilé. Kí á yan ọjọ́ kan, kí á má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ti wẹ̀, tí ó ti wọṣọ, tí ó ń wo ọ̀nà, kò yẹ kí á já a jù sílẹ̀. Kí á má ṣe bi ìyá rẹ̀ bóyá yóò mu omi nígbà tí òun alára jókòó níwájú wa. Bí kò bá ríran, kí á dárúkọ ara wa bí a ti ń wọlé. Kí á fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sílé. Bí ó bá sì ní ohun tí ó lè kọ́ wa, kí á jókòó kọ́ ọ, nítorí bí ọmọ ọba ni Méfíbóṣétì ṣe jẹun, kì í ṣe bí alágbe.

Kí ìwé ìròyìn wa tó tún jáde, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ẹnìkan, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Olúwa, fún wa ní ẹsẹ̀ tí kò ní sú láti lọ, àti àyè fún àga kan sí i nídìí tábìlì wa. Àmín.