Ọmọ Tí Ó Padà Sí Ilé Baba Rẹ̀

Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹrù ilé ti wúwo fún ẹni tí ó dá a rù. Obìnrin mìíràn tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká a máa padà sí agbo ilé baba rẹ̀, kí òun àti àwọn ará ilé lè jùmọ̀ san owó iná àti oúnjẹ. Ǹjẹ́ ó ha tọ́ kí a gba owó rẹ̀, kí a sì tún fi dálémoṣú bú u? Ẹni tí ó ń san ìpín tirẹ̀ kì í ṣe àlejò. Síbẹ̀, kì í ṣe owó ni ó sọ ọ́ di ọmọ ilé: bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ṣófo, ó ti jẹ́ ọmọ kí ó tó di aya.