Ta Ló Ni Ìtàn Ìyà Tó Jẹ Òbí Wa?

Bí a bá lé bàbá yín kúrò nílùú, tí wọ́n sá àsálà, tí wọn ò sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà títí tí wọ́n fi darúgbó, ṣé ó tọ́ kí ẹ̀yin ọmọ gbé búrọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ yà á fún gbogbo ayé wò?

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sílé o. Ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ti gbé Ẹdẹ rí. Ulli Beier lorúkọ rẹ̀. Jámánì ni wọ́n bí i sí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, Júù sì ni. Nígbà tí Hitler gbàjọba ní 1933, bàbá kó ẹbí rẹ̀, ó di Palẹ́sínì. Nígbà tí ogun dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún há wọn mọ́ níbẹ̀, torí pé ará Jámánì ni wọ́n. Ẹ ò rí nǹkan! Jámánì ní Júù ni yín, Gẹ̀ẹ́sì ní ará Jámánì ni yín. Ní 1950, Ulli dé Ìbàdàn wá ṣiṣẹ́ olùkọ́. Kò pẹ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Susanne Wenger ayàwòrán, fi kó wá sí Ẹdẹ, nígbà ayé Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó mọ ìlù ń lù.

Kì í ṣe yíya ìyà bàbá rẹ̀ ni Ulli fi lórúkọ. Àwọn ẹlòmíì ló ṣílẹ̀kùn fún: Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami, lÓṣogbo. Ọ̀nà kan nìyẹn láti jogún ìyà láìyà á.

Ọmọ Júù mìíràn, Art Spiegelman ní Amẹ́ríkà, yà á ní tiẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Maus, ó fi àwòrán sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe la àgọ́ ikú Auschwitz já. Ó ya ahun bàbá náà mọ́ ọn, ó ya ìjà àwọn méjèèjì. Ẹlòmíì á ní, "Ṣé ọmọ ló yẹ kó tú àṣírí bàbá?" Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ nǹkan kan tó ń dùn mí: lẹ́yìn ikú ìyá, bàbá dáná sun ìwé tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ohun tójú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ìyá parẹ́ pátápátá. Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ ni ọ̀wọ̀.

Àwa náà ní tiwa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ṣakí, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù la ṣì ń pè ní Ghana Must Go, tá a fi ń lọ ọjà, tá a fi ń ṣàwàdà. Ta ló ń ya ìyẹn?

Èrò tèmi rèé. Bí onílù bá ń kì yín, á sọ ogun tí baba ńlá yín ṣẹ́, á sì sọ ibi tó ti fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n "ọmọ" ló máa ń pè yín. Kò ní pè yín ní ẹni tó jagun. Ọmọ ẹni tó sá lẹ jẹ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sá. Ayàwòrán tó bá gbàgbé ìyẹn ti ń fi omijé bàbá rẹ̀ polówó ara rẹ̀.

Bí bàbá bá wá ní òun ò fẹ́ ńkọ́? Ojú wọn, ìtìjú wọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, tiwọn ni. Ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ àṣẹ ìjọba, ọkọ̀ tó kún, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, ìyẹn kì í ṣe tiwọn nìkan. Tá a bá dákẹ́ lórí ìyẹn, ẹni tó lé wọn la bá bo àṣírí rẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ jókòó ti àgbà ilé yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n. Àwọn ẹni 1969 ò pọ̀ nílẹ̀ mọ́.