Iṣẹ́ àti Òkìkí

Ó yẹ kí olúkúlùkù ọ̀dọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan kí ó tó dáwọ́ lé iṣẹ́: ṣé iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ ni, tàbí òkìkí tí ó wà nídìí rẹ̀? Àwọn àgbà wí pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ rere kì í ṣe òkìkí. Ìwà ni ó ń bí orúkọ rere. Ẹnu ayé ni ó ń fúnni ní òkìkí, ẹnu ayé kan náà ni ó sì ń gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Orlando Julius Ekemode, tí a bí ní 1943 ní Ìkọ́lé-Èkìtì, ìlú tí kò jìnnà sí ilẹ̀ wa ní apá Kábà. Ní èwe rẹ̀ ó lọ sí Ìbàdàn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ó sì ń lu ìlù fún àwọn olórin, kí ó tó di afọnfèrè sasofóònù. Ní 1966 ó gbé àwo Super Afro Soul jáde, ó fi háíláìfù wa pọ̀ mọ́ orin soul ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní 1968 ni Fẹlá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin tirẹ̀ ní Afrobeat, Fẹlá ni ayé sì mọ̀. Síbẹ̀ Orlando kò gbé fèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà tí àwo rẹ̀ Jaiyede Afro jáde ní 2014. Ó kú ní 2022.

Ẹnìkan lè wí pé àṣedànù ni iṣẹ́ tí kò ní ìyìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ọmọ ẹrú tí a kó kọjá òkun ni wọ́n dá orin blues sílẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni jazz àti soul ti mu. Ẹ sì wo Adolphe Sax, tí ó gba ìwé àṣẹ lórí fèrè yìí ní 1846: orúkọ rẹ̀ wà lára gbogbo sasofóònù ayé, ṣùgbọ́n nínú òṣì ni ó kú ní 1894.

Èyí kò fún aláìmoore ní àyè. Bí òṣìṣẹ́ kò bá tilẹ̀ bèèrè ìyìn, kò tọ́ kí àwa fi dù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ kọ, tí ó sì pè é ní tirẹ̀, olè ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe iṣẹ́ yín dáradára bí a kò tilẹ̀ ní dárúkọ yín láé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ má ṣàì dárúkọ rẹ̀.