Aṣọ Kún Àpótí, Orí Ńkọ́?

    

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí: "Bàbá, ṣé ó burú nínú Ifá kéèyàn ní aṣọ púpọ̀? Kọ́bọ́ọ̀dù mi ti kún, Ghana-Must-Go méjì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ tí òde bá dé, mi ò rí ohun tí mo máa wọ̀."

Ẹ jẹ́ n dáhùn ní tààrà: kò burú. Ire ni aṣọ. Tí a bá ń wúre, a máa ń tọrọ owó, a tọrọ ọmọ, a tọrọ ilé, a sì tọrọ aṣọ. Àwọn baba wa ò fojú kéré aṣọ rárá. Àwọn náà ló sọ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Wọ́n mọ sányán, tí a ń rí òwú rẹ̀ lára kòkòrò inú igbó. Wọ́n mọ ẹtù, tí aró sọ di dúdú. Wọ́n mọ àlàárì pupa. L'Ọ̀wọ̀ níbí, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ, lórí òfì tó ń dúró lóòró. Ara ohun tí wọ́n ń hun ni sẹ̀ghọ̀sẹ̀n, aṣọ àwọn ọlọ́lá àti olóyè.

Ṣùgbọ́n ẹ ro iṣẹ́ tó wà nínú aṣọ kan ṣoṣo nígbà náà. Wọ́n á gbin òwú, wọ́n á ká a, wọ́n á ran án, wọ́n á pa á láró, kí wọ́n tó gbé e sórí òfì. Ìyá tó bá hun aṣọ kan parí ti lo ọjọ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ ọwọ́ tó hun ún. Lónìí, èèyàn lè ra aṣọ mẹ́rin lórí fóònù kí ọbẹ̀ tó hó. Àpótí ti tóbi, àwa tí à ń wọ aṣọ inú rẹ̀ ò pọ̀ sí i. Ara kan náà ni, ọrùn kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ká mi lára nìyí. Obìnrin kan wá síwájú ọpọ́n. Mi ò ní sọ ìlú rẹ̀, mi ò sì ní sọ Odù tó jáde, tirẹ̀ ni. Ohun tó gbé e wá ni pé oorun ò kun òun mọ́. Owó àjọ tó kó ti tán. Aṣọ ẹbí mẹ́ta ló rà nínú oṣù kan, wọ́n sì ti lé ọmọ rẹ̀ wálé torí owó ilé ẹ̀kọ́. Ifá ní kó rúbọ. Nínú ohun ẹbọ tí Ifá pè ni aṣọ ọrùn rẹ̀ wà.

Ó wo ara rẹ̀, léèsì ló wọ̀ wá. Ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú òmíràn wá láti ilé? Mo ní aṣọ rẹpẹtẹ. Àwọn kan wà tí mi ò tíì wọ̀ rí."

Mo ní Ifá ò béèrè èyí tó wà nílé.

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní: "Bàbá, gbèsè èyí gan-an ni mo ṣì ń san."

Mo ní: "Ìyá, bóyá ìdí tí Ifá fi pè é nìyẹn."

Ó rú ẹbọ náà. Aṣọ ìyàwó mi ló wọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má rò pé gbèsè rẹ̀ parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Ifá kì í bá ni san owó aláṣọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n tún gbé aṣọ ẹbí mìíràn dé, ó ní òun ò rà. Ó wọ ohun tó ní lọ síbi ìnáwó náà, wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó jẹ, ó jó, ó sì padà sílé. Kò sẹ́ni tó lé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá gba ọ̀dọ̀ Ifá lọ. Ẹsẹ tí mo fẹ́ ká wò wà nínú Ògúndá Méjì. Ó gùn, mi ò ní kì í níbí, ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n kó gbogbo òrìṣà jọ, Ọ̀rúnmìlà sì bèèrè lọ́wọ́ wọn: ta ló lè bá olùfẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, kó bá a ré kọjá òkun, kó má sì padà lẹ́yìn rẹ̀?

Ṣàngó ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í pé tó bá dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro àmàlà, ńkọ́? Ó ní tí òun bá ti yó, òun á padà sílé òun. Wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òrìṣà kọ̀ọ̀kan ń jáde. Ọya ní ìlú tó ti máa yà, Ògún ní tirẹ̀, Òrìṣàńlá ní tirẹ̀. Oúnjẹ tí kálukú fẹ́ràn wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kálukú sì ti máa padà. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní òpin gbogbo rẹ̀, Orí nìkan ló kù. Ìdí tí Ifá fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé tí ẹni tó ń bọ òrìṣà bá kú, wọ́n á kó nǹkan òrìṣà rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èèyàn ti ń kú, ta ni wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sin ín?

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí Ṣàngó alágbára bá lè padà lẹ́yìn èèyàn ní Kòso, níbo ni léèsì máa bá wa dé? Aṣọ ò tiẹ̀ dé Kòso. Lọ́jọ́ tí a bá kú, àwọn àbúrò àti ọmọ á pín in. Èyí tó dára á di ìjà, èyí tí kò dára á di ìnulẹ̀.

Àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ mọ èyí. Láyé àtijọ́, tí ẹni ńlá bá kú níbí, àwọn ọmọ rẹ̀ tí apá wọn ká a máa ń ṣe àkó fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀, kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ ní 1976. Wọ́n á gbẹ́ ère tó ga tó ènìyàn, tó jọ olóògbé gan-an, wọ́n á fi aṣọ olówó iyebíye wọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká. Ẹ wò ó dáadáa. Òkú ti lọ pẹ̀lú Orí rẹ̀. Igi ló ku láyé tó ń gbé aṣọ rìn. Mi ò bú àṣà náà o, ọlá ni wọ́n fi ń dá òbí lọ́lá. Mo kàn ń sọ pé àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ ẹni tí aṣọ wà lára rẹ̀.

Ẹ tún wo ọdún Igogo tí à ń ṣe nínú oṣù kẹsàn-án. Ìtàn sọ pé Ọ̀rọnsẹn, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kì í lọ ilá lójú rẹ̀, a kì í da omi sí àgbàlá, a kì í sì í ju ìdì igi mọ́lẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ da èèwọ̀ náà, ó sì bínú kúrò láàfin. Wọ́n lé e, wọn ò bá a, ọ̀já orí rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ nínú igbó tí à ń pè ní Igbó Ọlájà. Igbó yìí kan náà ni Ekpo Eyo ti wú àwọn ère amọ̀ jáde ní 1971, àwọn ère tí ọjọ́ orí wọn ti tó bí ẹgbẹ̀ta ọdún.

Nígbà Igogo, Ọlọ́wọ̀ á di irun, á wọ aṣọ bí obìnrin, á fi iyùn sọ́rùn. A kì í lu ìlù, agogo là ń lù. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dé fìlà láàárín ìlú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wé gèlè. Bí mo ṣe ń ka èyí nìyí: ìlú tó mọ aṣọ í hun, tó mọ aṣọ í wọ̀, ló tún ya ọjọ́ sọ́tọ̀ tí olówó àti tálákà jọ ń ṣí orí sílẹ̀. Fìlà olówó ńlá wà nílé lọ́jọ́ náà. Orí nìkan ló jáde.

Ẹlòmíràn á ní, "Bàbá, ó yé mi. Màá kó gbogbo èyí tí mi ò fẹ́ mọ́, màá fi tọrẹ, ẹbọ mi nìyẹn." Ẹ ṣe sùúrù. Ẹbọ kọ́ ni ìdàlẹ̀nù. Ẹ lọ wo ọjà Kantamanto ní Accra, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 15 aṣọ àlòkù ló ń wọ Gánà lọ́sẹ̀ kan. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ fún un ní èdè wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni aṣọ òyìnbó tó kú. Àwọn tó kó o sílẹ̀ l'Ámẹ́ríkà àti Yúróòpù rò pé àánú làwọn ṣe. Èyí tó dára, wọ́n rà á. Èyí tó ya, tó ní àbàwọ́n, gọ́tà àti etí òkun ló gbà á. Àwa náà ń ra òkìríkà tiwa, tí àwọn kan ń pè ní bọ́síkọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n kó o wọlé. Ẹ má ṣe sọ ìbátan yín di Kantamanto. Aṣọ tí o ò lè wọ̀ jáde mọ́ torí ó ti ya, má kó o fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní abúlé kó wá máa dúpẹ́. Gé e, fi nu ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kì í sì í fi aṣọ tọrẹ nítorí ẹ̀rù. Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá fi aṣọ mi ṣe mí ńkọ́?" Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹlẹ́yà, àwa la mọ̀ pé aṣọ ara ẹni kì í ṣe nǹkan lásán, ìdí nìyẹn tí Ifá fi ń pè é lẹ́bọ. Ṣùgbọ́n tí o bá gbà pé Orí rẹ ń ṣọ́ ọ, fọ aṣọ náà, sá a sóòrùn, fún ẹni tí o mọ̀, lójúmọmọ. Tí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, wá bi Ifá. Àpótí tó kún fún ẹ̀rù ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Yan ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan. Fi omi tútù tọ́ orí rẹ láàárọ̀, sọ fún un pé o fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Kó gbogbo aṣọ sílẹ̀ pátá, má fi ìkankan pamọ́. Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o bi ara rẹ: ṣé mo wọ èyí láti Igogo tó kọjá? Ṣé mo ti san owó rẹ̀ tán? Ṣé èmi ni mo fẹ́ ẹ, àbí ojú àwọn ará òde ni mo rà á fún? Èyí tí o ń wọ̀, tọ́jú rẹ̀, rán ibi tó ya. Èyí tó dára tí o ò wọ̀, fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ́la.

Aṣọ ìyá tàbí bàbá tó ti kú ló máa ń le jù. Mú ọ̀kan tí o máa rántí wọn sí. Tí ilé yín bá ní egúngún, ẹ bi àwọn àgbà bóyá a lè lò nínú rẹ̀ sára ẹ̀kú; aṣọ tó wà lára egúngún ṣì ń jó, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, ikán ló ń jẹ ẹ́. Ìyókù, ẹ fi wọ alààyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa oníṣẹ̀ṣe gan-an. Ní gbogbo 20 oṣù kẹjọ tí à ń ṣe ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ẹgbẹ́ yìí á dá àǹkárá tirẹ̀, ẹgbẹ́ tọ̀hún á dá tirẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ Odù mẹ́rìndínlógún tò ti ní aṣọ funfun mẹ́wàá. Ọbàtálá tó ni àlà ò béèrè mẹ́wàá. Ọ̀kan tó mọ́ tó.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A máa ń pa òwe yìí láti fi ọmọdé sípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Àkísà ni aṣọ tí wọ́n wọ̀ títí tó fi gbó. Ó lọ sóko, ó pọn ọmọ, ó lọ síbi òkú, ó lọ síbi ìkómọ. Àwa ayé ìsinsìnyí, aṣọ la ní, a ò ní àkísà. A kì í wọ ọ̀kan pẹ́ tó.

Kí Orí wa má ṣe padà lẹ́yìn wa. Kí a má fi owó ọmọ ra aṣọ òde. Kí aṣọ ìyà má kan ọrùn wa, kí aṣọ iyì má di gbèsè sí wa lọ́rùn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.