Ilé, Ẹnu Ọ̀nà àti Orí Ifẹ̀ Nínú Àwòrán Rotimi Fani-Kayode

Ìtumọ̀ ilé nínú èdè Yorùbá kọjá ògiri àti òrùlé, nítorí pé òun náà ni a fi ń pe ìdílé, ìyẹn ìran tí a ti ṣẹ̀ wá, tí a sì ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wúwo ni ó dojú kọ ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin bíi tirẹ̀, tàbí obìnrin tí ó fẹ́ràn obìnrin: bí ìdílé bá ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kò láyè lábẹ́ òrùlé àwọn, ṣé ẹni náà ti di aláìnílé?

Rotimi Fani-Kayode, ayafọ́tò tí a bí ní ọdún 1955, fi iṣẹ́ rẹ̀ wá ìdáhùn. Ifẹ̀ ni orírun ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọdún 1966 ní Nàìjíríà, wọ́n sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó sì kàwé tán ní Amẹ́ríkà, ó fìdí kalẹ̀ sí Brixton ní London ní 1983, níbi tí ilé tí ó ń gbé ti di ibi tí ó ti ń ya fọ́tò. Nínú àròkọ kan tí ó kọ ní 1988, ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ ará ìta: irú ẹni tí òun ń fẹ́, jíjìnnà òun sí ilẹ̀ àti àṣà òun, àti pé òun kò di oníṣẹ́ ọ̀wọ̀ tí ó gbéyàwó bí àwọn òbí òun ṣe ń retí.

Àwòrán rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Bronze Head, ti ọdún 1987, fi ìhòòhò ọkùnrin dúdú kan hàn tí ó lóṣòó sórí orí idẹ Ifẹ̀, bí aboyún tí ó wà ní ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó fìrí lè pè é ní àbùkù sí ohun mímọ́, ìbínú rẹ̀ kò sì ṣòro láti lóye, nítorí pé orí ni Yorùbá ń bọ ṣáájú òrìṣà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn kò jinlẹ̀ tó. Ọkùnrin tí àwọn ènìyàn gbà pé ìran yóò parí sí lọ́wọ́ ni ó ń rọbí Ifẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé orírun tí a jogún ṣeé bí lọ́tun.

Fani-Kayode tún ka Èṣù, ẹni oríta, sí ẹni tí ń ṣàkóso iṣẹ́ rẹ̀. Èyí bá ọ̀rọ̀ ilé mu gan-an, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni a sábà ń fi yangí Èṣù sí: kò sí nínú yàrá, kò sì sí ní ìgboro, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò wọlé láì kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Fani-Kayode kú ní London ní 1989, ní ẹni ọdún 34. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun bá ṣàfihàn àwòrán òun ní Èkó, ó ṣeé ṣe kí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fẹ̀sùn kan òun pé ìwà ìbàjẹ́ Òyìnbó ni òun kó wá. Bẹ́ẹ̀ orí Ifẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ọkùnrin tí ó lóṣòó yẹn.